Sọ́rì Tí Mo Sọ Lórí Òkè Yìnyín

Ẹ kú ilé o, Màmá mi àgbà. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà jíjìn, ẹ sì kú etí tó ń gbọ́ oríṣiríṣi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí. Orí kápẹ́ẹ̀tì Àǹtí Bùkọ́lá ní Kánádà ni, kò tutù sí àyà bíi sìmẹ́ńtì pálọ̀ yín, àmọ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, àti àwọn àbúrò mi tí mo mọ̀ pé wọ́n ti pín aṣọ mi mọ́ra wọn lọ́wọ́. Mo kí Bàbá Géètì. Mo kí Bọ̀dá Láńre tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí sókè fún yín. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn ìròyìn kà á. Ẹ kà á bí èmi ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹ má sì fo ibi tó bá kàn yín.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ní kí Bọ̀dá gbé e sójú òpó WhatsApp klóòsì wa ní Festac, níbi tí tẹrú tọmọ ti máa kà á. Màmá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìta. Ṣùgbọ́n ohùn tí Àǹtí gbà sórí fóònù fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló kọ́kọ́ jáde nílé. Ojú òpó ìdílé ni wọ́n fi sí, kó tó di ọ̀sán ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn màmá ẹgbẹ́ àdúrà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ bàtà lọ sí Abúlé Adó. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní Apple Junction kọ̀wé sí mi pé òun gbọ́ pé mo ti ìyá arúgbó òyìnbó kan lulẹ̀ lórí òkè, pé ìyá náà ti kú, pé àwọn ọlọ́pàá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé ọwọ́ wo ni mo fi ń tẹ fóònù. Ìyá náà ò kú o. Tíì ni wọ́n ń mu nígbà tí mo rí wọn kẹ́yìn. Tí gbogbo klóòsì bá sì ti gbọ́ ẹjọ́ mi, ẹ jẹ́ kí gbogbo klóòsì gbọ́ ẹnu mi.

Àǹtí sì ní ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní bí Màmá bá ti lè sọ pé kí ọmọ yìí máa bọ̀ nílé, àwọn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn á sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà bàálù fúnra àwọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára kọ̀wé kí ẹ tó fèsì. Mo mọ̀ yín. Tí ẹ bá ti fèsì, ó parí.

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá ń já wọ inú ara wọn. Mi ò lè jókòó kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo kọ díẹ̀ ní kíláàsì nígbà tí tíṣà rò pé ìṣirò ni mò ń ṣe, èyí tó kù, inú kíṣìnì ni, lórí ìdúró. Ẹ máa ń sọ pé ìdí mi ò mọ àga. Kò tíì mọ̀ ọ́n níbí náà.

Ẹ bèèrè òtútù. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ọyẹ́ Festac, ètè ló mọ̀ ọ́n bẹ́, èèyàn á fi òrí pa á, ó tán. Ti ibí máa wọlé tọ egungun lọ, á bi í pé ta ló ní kó wá. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ ló burú jù. Òpópónà wa dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò sẹ́ni tó ń pe èèyàn láti ojú fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ kan ò dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oorun ò kùn mí àfi tí mo bá fi ẹnu ṣe jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá Láńre, títí kan ibi tó ti máa ń wúkọ́ kó tó gbé iná. Lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi wọn, Àǹtí gbá ògiri mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn sá fún jẹnẹrétọ̀ yẹn wá sí Kánádà ni.

Ní ti ìwé, àwọn ará ilé ìwé ní èyí tí mo kà kò tó nǹkan, èyí tí mi ò kà ló pọ̀. Wọ́n fi mí sí kíláàsì àwọn tó ti pa ilé ìwé tì rí. Ọ̀sán la máa ń lọ. Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Àǹtí ló ń bọ́ mi. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n á dé láàárọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n á sùn. Èmi á kó yìnyín kúrò níwájú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, àárọ̀ á ṣófo, èmi náà á máa yí tábìlì po bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe dé orí òkè nìyẹn.

Tí èèyàn bá kọjá ilé epo tó wà lẹ́yìn ilé wa, òkè kékeré kan wà níbẹ̀. Kékeré ni mo wí o. Tí ẹ bá to bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ Mile Two lé ara wọn bíi mélòó kan, ẹ ti ga jù ú lọ. Àwọn èèyàn á gun òkè yìí, wọ́n á ti so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà, wọ́n á yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín. Tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tún gùn ún. Wọ́n á tún yọ̀ wálẹ̀. Sikí ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní àwọn wọ̀nyí ò ríṣẹ́ ṣe. Nílé, tí ẹsẹ̀ èèyàn bá yọ̀, gbogbo klóòsì ló máa dìde. Àwọn èèyàn yìí ń ra aṣọ pàtàkì kí wọ́n lè lọ yọ̀.

Aládùúgbò wa kan fún mi ní sikí ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Àwọn ará orí òkè fún mi ní káàdì, pé tí mo bá ń gbá yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn ilé tíì wọn, kí n máa yọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣubú bí àpò ẹ̀wà tó já lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ṣubú níwájú, mo ṣubú lẹ́yìn, mo ṣubú lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n Màmá, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi gbọ́ èdè rẹ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi. Níbi gbogbo tí mo bá wà, ara mi á dúró, ọkàn mi á máa sáré. Lórí òkè yẹn, ara mi ló ń sáré, ọkàn mi ló dúró. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ẹ má bínú.

Àwọn tó ni òkè náà láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹni ìfẹ̀yìntì ni wọ́n. Ẹ rántí àféńù wa láàárọ̀, tí àwọn bàbá tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń wọ ṣòkòtò péńpé sáré kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n á máa bú ìjọba láti igun kan dé ìkejì? Àwọn náà nìyẹn. Ìjọba tí wọ́n ń bú nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Èèyàn tó ju yín lọ lọ́jọ́ orí, kí n la ẹnu pè é lórúkọ gbàgà? Ẹnu mi kọ̀. Mo sọ wọ́n lórúkọ tèmi. Ìyá kan wà tí wọn kì í bọ́ fìlà pupa, Ìyá Fìlà Pupa. Bàbá kan wà tí irùngbọ̀n wọn máa ń dì gan-an nínú òtútù, Bàbá Onírùngbọ̀n. Bàbá tó sì jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, àwọn ló ń ṣọ́ okùn gígùn kan tó ń yí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èèyàn á di okùn náà mú, á fà á gòkè. Mo sọ wọ́n ní Bàbá Olókùn. Màmá, ẹ má dìde àdúrà o. Olókùn ni mo wí, ẹni tó ni okùn. Mi ò pe Olókun inú omi. Bọ̀dá Láńre, ẹ fi àmì rẹ̀ hàn wọ́n dáadáa.

Bàbá Olókùn yìí, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa rò pé ehoro ń ka ìkéde. Ẹ mọ̀ mí, Màmá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ohùn yẹn ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ tọ̀, mo bọ́ sídìí ẹ̀rọ, mo fi ohùn wọn kéde pé láti òní lọ, kí gbogbo ènìyàn na ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n tó fọwọ́ kan okùn. Gbogbo arúgbó na ọwọ́ sókè. Ẹ bá rí wọn lórí ìlà, ọwọ́ lókè, ojú wọn le koko, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ orin ìyìn. Bàbá Olókùn jáde, wọ́n bá ìjọ níbi ìsìn. Wọ́n ní òun ò bínú, pé ó tiẹ̀ pa òun lẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ tí òun bá tún gbọ́ ẹjọ́ kan péré nípa mi, káàdì yẹn á padà sọ́wọ́ òun.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bàbá Onírùngbọ̀n ní ajá kan tó máa ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ òkè. Ajá náà kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ nílé tíì, àwọn èèyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ bá wọn. Bàbá Olókùn di èjìká wọn mú, wọ́n ní sọ́rì, wọ́n tún ní sọ́rì. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Etí mi gbé e.

Ó wá di ọjọ́ Túsìdeè tí Àǹtí fi já yín láyà. Òòrùn ràn, yìnyín sì ti le bíi dígí. Mo wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, mò ń so bàtà mi. Ìyá Fìlà Pupa ti ń yọ̀ lọ níwájú, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tó ń wọlé. Ní ìdajì ọ̀nà, pákó ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn gun ti òsì lórí. Wọ́n fì síbí, wọ́n fì sọ́hùn-ún, wọ́n gbé ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ara wọn sílẹ̀, ni wọ́n bá lulẹ̀ gbì. Mo já wálẹ̀ láti ibi igi. Kí ẹsẹ̀ mi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu mi ti débẹ̀. Sọ́rì! Sọ́rì mà! Ẹ̀yàà, sọ́rì o! Mo ṣí fìlà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń sọ sọ́rì bí ẹni tó ń pọn omi.

Àwọn èèyàn pé jọ. Bàbá Olókùn dá okùn dúró, wọ́n gun òkè wá pẹ̀lú èémí. Wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní sọ́rì, sà. Wọ́n ní ṣé mo kọlù wọ́n ni. Mo ní rárá sà, sọ́rì sà. Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rárá, sọ́rì. Mo ní rárá, mi ò kọlù wọ́n, mo kàn ń sọ sọ́rì ni. Wọ́n ní sọ́rì fún kí ni nígbà náà. Mo ní nítorí wọ́n ṣubú. Wọ́n ní àti pé ta ló jẹ́ kí wọ́n ṣubú. Mo ní mi ò mọ̀, sọ́rì. Màmá, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹjọ́ ń gbó sí mi lọ́rùn. Àwọn tó dúró ti ń wo ara wọn. Ìyá Fìlà Pupa ò lè fèsì kankan, ọrùn ọwọ́ ló rọ́, wọ́n kàn deyín nítorí ìrora. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Bàbá Olókùn na ọwọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀. Mo yọ káàdì lọ́rùn, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Mo tún ní sọ́rì. Ẹ ò rí i?

Wọ́n ti pe Àǹtí kí n tó délé. Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí, pé ṣé lóòótọ́ ni mo sọ sọ́rì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó tán, kí ló tún kù. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí àwọn máa sọ fún Màmá. Lẹ́yìn náà wọ́n wá mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún Màmá, wọ́n sì gbà á sórí fóònù, ó gùn ju ìwàásù lọ.

Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju káàdì lọ. Ẹ rántí ọdún tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ hù lórí àtẹ̀gùn wa nígbà òjò, tí Bàbá Géètì yọ̀ níwájú mi? Búrẹ́dì kún ẹnu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ yọjú láti kíṣìnì, ẹ bi mí bóyá èmi ni mo ti bàbá. Mo mirí. Ẹ ní kí ló wá dé tí mo dákẹ́ bí ẹni tó tì wọ́n. Ẹ ní ẹni tó bá ṣubú lójú èèyàn, tí èèyàn ò kí i ní pẹ̀lẹ́, onítọ̀hún gan-an ló tì í. Mo gbé búrẹ́dì náà mì lódindi. Láti ọjọ́ náà, tí ewúrẹ́ bá fẹsẹ̀ kọ níwájú mi, mo máa kí i.

Inú ilé kan náà ni Àǹtí Bùkọ́lá ti dàgbà. Ẹnu kan náà ló kọ́ wa. Nílé, ẹni tó bá dákẹ́ ló jẹ̀bi. Níbí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni. Mo ti dé kóòtù méjèèjì. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú ilé yìí tó máa mọ̀ pé ẹ̀sùn ò sí nínú pẹ̀lẹ́. Ẹni yẹn gan-an ló ń wò mí bí ẹni tó ń wo olè.

Àwọn àárọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ máà jẹ́ n sọ ọ́. Mo kó yìnyín iwájú ilé wa, mo kó ti aládùúgbò, mo kó ti ẹni tí mi ò mọ̀. Mo mú ẹsẹ̀ mi lọ sílé ìwé, mo gbà á padà láìlò ó. Níkẹyìn mo kọrí sí òkè. Èèyàn ò nílò káàdì láti wọ ilé tíì.

Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ìyá Fìlà Pupa náà wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Bí mo ṣe wọlé ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Bàbá Olókùn gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo wá ṣe. Mo ní tí wọ́n bá gbà mí láàyè díẹ̀, màá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n, nítorí gẹ̀ẹ́sì mi ti fi mí sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Fìlà Pupa ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é.

Mo mú ìgbálẹ̀ gígùn méjì, mo gbé wọn sábẹ́ ẹsẹ̀. Mo fa fìlà mi sílẹ̀ dé ìpéǹpéjú bí ìyá ṣe máa ń ṣe. Mo yọ ìdí sẹ́yìn. Mò ń lọ jẹ́jẹ́, mò ń fi imú kọrin kékeré tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ìgbálẹ̀ ọ̀tún gun ti òsì lórí. Mo fì síbí, mo fì sọ́hùn-ún, mo fi ojú wọn gan-an wo ilẹ̀ tó ń bọ̀, mo lulẹ̀ láàárín àwọn àga. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí tí ọwọ́ tó rọ́ fi dùn wọ́n, wọ́n ké yéè!

Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Sọ́rì, mà!

Ẹ̀rín dá. Bàbá Olókùn na ìka sí mi, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó tún sọ ọ́! Mo ṣì wà nílẹ̀, mi ò mọ ohun tó gbé mi láyà. Mo ní sà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ajá Bàbá yìí kú, ẹ sọ sọ́rì fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, èmi wà níbẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀yin lẹ pa ajá náà ni?

Màmá, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Mo ní mo ti wọ gàù. Bàbá Onírùngbọ̀n ló kọ́kọ́ bú jáde, tíì gba imú wọn jáde sínú irùngbọ̀n. Ìyá Fìlà Pupa wá bèèrè pé ta ló tiẹ̀ sọ pé ọmọ yìí kọlù òun. Wọ́n ní nígbà tí òun ti wà nílẹ̀, òun ṣì rí i lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, tó ń so bàtà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi òun. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Gbogbo ayé ti bi èmi, èmi sì ti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ tán.

Bàbá Olókùn lọ sídìí àpótí, wọ́n mú káàdì mi wá. Wọn ò bẹ̀ mí o, àmọ́ etí wọn pupa. Wọ́n ní láti òní lọ, tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, kí n gbé e dìde, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Mo gbà. Ọjọ́ kejì, ọ̀kan lára wọn ṣubú níwájú mi ní ìdí okùn, mo gbé e dìde, mo pa ẹnu mọ́, Màmá, ó ń yún mi lọ́fun bí ẹni gbé èèsún mì. Mo bá ní pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn mú mi.

Ẹ máa rò pé mo sáré lọ sọ fún Àǹtí, ọ̀rọ̀ sì tán. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ẹnu mi ti dùn jù láti kékeré, pé ẹni tó lè fi ohùn gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, ohùn wo ni kí àwọn gbà gbọ́ nínú rẹ̀? Wọ́n lọ sùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Àárọ̀ òní ni nǹkan tó mú mi parí lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀. Yìnyín tuntun bọ́ lé èyí tí mo ti kó. Àǹtí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ wọn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo wá gbọ́ gbì. Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ gbalaja lẹ́nu àtẹ̀gùn, báàgì lápá kan, oúnjẹ tí wọ́n gbé lọ síbi iṣẹ́ lápá kejì. Mo fẹ́ sọ pé pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn. Ohùn yín ló jáde. Mi ò gbèrò rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní, Ẹ̀yàà, pẹ̀lẹ́ o, Bùkọ́lá mi. Pẹ̀lẹ́, jàre. Àti ikọ́ kékeré yẹn tí ẹ máa ń wú láàárín méjèèjì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Àǹtí mi lórúkọ. Mo ti ń wo ibi tí ìgbájú máa gbà wá.

Wọn ò dìde. Wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ́ ju bí ìṣubú náà ṣe tó lọ. Yìnyín ń bọ́ sórí fìlà wọn, wọn ò gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.

Wọ́n ní ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá yẹn nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo fa wọ́n dìde, wọ́n dì mí lápá mú dé orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní àwọn máa pè yín. Mo mọ̀ pé wọn ò tíì pè yín, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ń sùn lọ́wọ́ báyìí, mo sì ń rìn káàkiri kíṣìnì pẹ̀lú bírò.

Màmá, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gan-an. Tí mo bá wà níbí, ẹsẹ̀ mi ń wá àféńù wa. Tí mo bá ń ronú àféńù wa, ẹsẹ̀ mi ń wá òkè. Tí àárò mi bá ń sọ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, màá ti di ẹrù kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ má pè mí wálé bí ẹni tó ti arúgbó lulẹ̀. Mi ò tì wọ́n. Ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Àǹtí lẹ́yìn tí Bọ̀dá bá ka èyí tán. Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè mi lọ́wọ́ wọn. Ìdí ṣì ń dùn wọ́n. Ẹ fi ohùn yín gangan kí wọn. Ayédèrú ni tèmi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Tí ẹ bá sì fẹsẹ̀ kọ, ẹ ò ní wá ẹni tó máa kí yín tì. Ẹ bá mi kí gbogbo ará klóòsì, títí kan ẹni tó sọ pé ìyá ti kú. Ẹ bá mi kí Bàbá Géètì, kí wọ́n máa wo àtẹ̀gùn.

Èmi ni ọmọ yín, tí ìdí rẹ̀ ò mọ àga, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti ẹnikẹ́ni,

Káyọ̀dé.